Ọmọ Kọ́lé, Bàbá Gba Orúkọ

Ẹ jọ̀ọ́ ná, ṣé ó dáa kí èèyàn kọ́lé tán, kí wọ́n wá máa fi orúkọ bàbá rẹ̀ pe ilé ọ̀hún? Ìyá Ṣadé, ẹ má tíì dáhùn, ọ̀rọ̀ ọkọ yín kọ́. Ilé òkúta kan ní Lancaster, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, ni mò ń wí. Hans Herr House ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ Hans kọ́ ló kọ́ ọ. Christian ọmọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní 1719. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó gbójú sókè wo òkúta orí ilẹ̀kùn: wọ́n gbẹ́ ọdún náà síbẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ lẹ́tà orúkọ Christian sí i. Ọmọ yẹn mọ ayé! Anna ìyàwó rẹ̀ ni ò rí lẹ́tà kankan gbà. Ta ló ń gbẹ́ orúkọ ìyàwó sórí ilẹ̀kùn?

Àmọ́ ẹ má bínú sí bàbá náà. Nígbà tí òun àti àwọn ará rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ní London lọ sí Amẹ́ríkà ní 1710, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Bàbá Lánlọ́dù wa ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, kò sì lè gun àtẹ̀gùn ilé tó ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kí ló wá lé arúgbó wọ agbami? Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Mennonite ni wọ́n, ìran Swítsàlandì tó ti sá lọ sí Jámánì. Wọ́n ní àwọn ò ní ṣèrìbọmi fún ìkókó tí ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì, àgbà tó mọ ohun tó ń ṣe nìkan làwọn máa rì bọmi, wọ́n láwọn ò sì ní gbé idà fún ọba kankan. Inú bí àwọn aláṣẹ. Ní 1527, wọ́n ju Felix Manz, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú irú ìgbàgbọ́ yìí, sínú odò Limmat ní Zürich, ó sì kú sómi. Àfi bíi pé wọ́n ń sọ pé, "Ṣé omi lẹ ń fẹ́? Ẹ gbà, ẹ mu ún yó." Ìkà tún ń dápàárá!

Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀n-ẹ́n, ilé.

Òkúta yanrìn ni gbogbo ògiri rẹ̀. Òrùlé rẹ̀ ga, ó sì dà gẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí wọ́n ti wá. Àjà méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, yàrá kan sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ilé ìdáná ni ẹnu ọ̀nà ṣí sí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ mi: kí àlejò tó jókòó, ìyàwó ilé ti mọ ẹni tó jẹ́, ohun tó gbé dání àti bóyá ó ti jẹun. Ilé tó wù mí nìyẹn! Sítóòfù kan wà ní yàrá tó kàn, ẹ̀yìn ògiri, láti ilé ìdáná, ni wọ́n ti ń kó igi sí i. Ooru á wọ yàrá, èéfín ò ní wọ̀ ọ́. Ìyá Bísí tó ń da èéfín bò wá ní ọ̀ọ̀dẹ̀ láràárọ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ apá yìí dáadáa.

Christian yìí, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, inú ilé náà ni ìjọ sì ń péjọ sí. Òun ni ilé tó pẹ́ jù tó ṣì dúró ní Lancaster County, òun náà sì ni ilé ìpàdé Mennonite tó pẹ́ jù ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àríwá àti gúúsù.

Ilẹ̀ tó dúró lé ńkọ́? Ibẹ̀ lòfófó wà. Charles Kejì, ọba Gẹ̀ẹ́sì, jẹ bàbá William Penn ní £16,000. Nígbà tó di 1681, kò sanwó o, ilẹ̀ Pennsylvania ló fi dí i fún William. Ilẹ̀ onílẹ̀! Àwọn Mennonite gba éékà 10,000 nínú rẹ̀. Àwọn Conestoga, ọmọ onílẹ̀, ń gbé nítòsí, wọ́n sì ti bá Penn dá májẹ̀mú àlàáfíà ní 1701. Ní oṣù Kejìlá 1763, àwọn jàǹdùkú tí wọ́n ń pè ní Paxton Boys pa 20 nínú wọn: 6 nílé wọn, 14 nínú ọgbà tí ìjọba kó wọn sí ní Lancaster pé kí ọwọ́ má tẹ̀ wọ́n. Tọkọtaya Conestoga kan, Michael àti Mary, yè é ní oko Christian Hershey, Mennonite kan. Mi ò ní àpárá kankan dá síyẹn.

Ká padà sí ilé òkúta náà. Àwọn ọmọ ilé gbé inú rẹ̀ títí di àwọn ọdún 1860, lẹ́yìn náà ló di ibi ìkẹ́rùsí. Ilé ìjọsìn di àká! Andrew Wyeth, ayàwòrán ńlá tó jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ Hans, ya àwòrán ilé náà. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i fún àwọn aṣèbẹ̀wò ní 1974. Ní 2013, wọ́n tún kọ́ ilé gígùn kan sí ọgbà kan náà, irú èyí tí àwọn ọmọ onílẹ̀ máa ń gbé láyé àtijọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní Philadelphia, ẹ ní kí wọ́n yà síbẹ̀. Bí wọ́n bá wo ilé òkúta tán, kí wọ́n má padà sílé láìwọ ilé gígùn náà.