Ta Ni Apá Rẹ̀ Ká Dífù Jíjó?

Àwa tí a ń gbé òkè òkun ní àrùn kan tí kò gbóògùn. Bí a bá ti balẹ̀ sí Ìkẹjà báyìí, kíá la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún àwọn ará ilé pé mánéèjì ló ń ba Nàìjíríà jẹ́. Táyà jò, ẹ lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ bàjẹ́, ẹ fi wáyà so ó. Irin kán, ẹ gbé e lọ fún wẹ́dà. A ó ní lọ́dọ̀ tiwa, ohun tó bá ti bàjẹ́, tuntun là ń rà. Irọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irọ́ náà ṣe tó, kó jókòó kí n sọ̀rọ̀ dífù fún un.

Differential ni orúkọ rẹ̀ lórí ìwé, dífù ni wọ́n gé e sí. Nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì, òun ni koko irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, tó ń pín in fún táyà ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ rántí bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ń yan lọ́jọ́ òmìnira. Tí ìlà bá dé kọ̀rọ̀, ọmọ tó wà nínú á máa tẹlẹ̀ lójú kan, ọmọ tó wà lóde á máa na ẹsẹ̀ gbọọrọ kí ìlà má baà wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà ń ṣe. Oníṣẹ́ aago kan nílẹ̀ Faransé, Onésiphore Pecqueur, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1827, fún kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń fi agbára ooru omi gbígbóná rìn. Dífù ni kì í jẹ́ kí táyà inú àti táyà òde bá ara wọn jà.

Àléébù kan ló ní: ẹ̀yìn ẹni tí iṣẹ́ rọ̀ lọ́rùn ló máa ń wà. Tí táyà kan bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo akitiyan ẹ́ńjìnnì ń gbà lọ. Táyà inú ẹrẹ̀ á máa yí fììì, á máa da ẹrẹ̀ sáṣọ àwọn tó ń bá yín ti ọkọ̀. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle á dúró gbagidi, á máa wò yín.

Ọ̀nà méjì wà lára èyí tí wọ́n ń gbà wo àìsàn yìí. Èkíní, ẹ ra dífù limited-slip. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ ní àwọn àwo pẹlẹbẹ nínú, tó ń fún mọ́ra wọn, tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan sá fi ìkejì sílẹ̀ jù, síbẹ̀ tó ń gba ọkọ̀ láyè láti ya kọ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré ìje Auto Union ní Jámánì lágbára débi pé táyà kan á kàn máa yí lásán, Ferdinand Porsche ní kí iléeṣẹ́ ZF wá nǹkan ṣe sí i. Ní 1956, iléeṣẹ́ Packard gbé tirẹ̀ sínú ọkọ̀ tí ará ìlú ń rà l'Amẹ́ríkà. Ọ̀nà kejì, ẹ tú dífù, ẹ jó àwọn jíà kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀. Ó parí. Ẹsẹ̀ méjèèjì di ọ̀kan títí ayé. Kọ̀rọ̀ ni o, ọ̀nà tààrà ni o, wọ́n jọ ń yí ni.

Ẹ̀yin ará ilé, ta lẹ rò pé ó ń jó o pọ̀? Àwọn ọmọ Òyìnbó ni. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa ní Dagenham tó ra BMW tó ti gbó. Drift ni eré tó ń bá kiri: ọkọ̀ á máa fẹ̀gbẹ́ rìn, táyà ẹ̀yìn á máa rú èéfín. Eré yẹn kò sì ṣeé ṣe dáadáa bí táyà kan bá ń ṣiṣẹ́ tí ìkejì ń sinmi. Limited-slip tuntun, pẹ̀lú owó iṣẹ́, lé ní £1,000, ìyẹn sì ju iye tó ra ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ló bá yá ẹ̀rọ ìjórin lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n nu ọ́ìlì kúrò, wọ́n jó o pọ̀ ní gáréèjì bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. L'Amẹ́ríkà, àṣà yìí gbilẹ̀ débi pé wọ́n fi orúkọ àwàdà kan pè é, Lincoln locker, torí Lincoln ni ẹ̀rọ ìjórin tí gbogbo èèyàn mọ̀ níbẹ̀.

Tó bá ń ya wọ àdúgbò wa, táyà á máa ké, gbogbo ilé á mọ̀ pé ó ti dé. Kò kàn án. Táyà àlòkù kò ju £20 lọ. Tí sáfútì bá kán lójú títì, á pe ẹgbẹ́ onímọ́tò AA tó ń sanwó fún lọ́dọọdún, wọ́n á gbé òun àti ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ ìyá rẹ̀ wà ńlẹ̀ tó bá fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Àwọn oníṣọ́ránsì nìkan ló yẹ kó bẹ̀rù, torí bí kò bá sọ fún wọn pé òun ti fọwọ́ kan dífù, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ ògiri.

Nígbà tí mo délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi l'Àgídìngbì ní òun náà ti ra BMW, òun náà fẹ́ máa fi jó drift pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òun lópin ọ̀sẹ̀, limited-slip lòun sì ń wá. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ń gbé Àgídìngbì! Níbi tí òórùn kòkó iléeṣẹ́ Cadbury ti ń bá òórùn irin jíjó pàdé lójú títì Lateef Jakande, tí ẹ kò lè rìn dé Ọba Akran kí iná wẹ́dà má bù yẹ̀rì sí yín lójú. Mo ní kó dìde, ká lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀.

A bá Bàbá mẹkáníìkì níbi tí wọ́n ti ń fi búrẹ́dì Agége jẹ àkàrà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Camry kan. Mo kí wọn tán, mo ní, “Bàbá, ẹ bá wa jó dífù ọmọ yìí pọ̀, kó yéé dáwó nù.”

Wọ́n jẹ àkàrà wọn tán kí wọ́n tó fèsì. “Ọ̀gá London, ẹ kú àbọ̀. Mo lè jó o kí ilẹ̀ ọjọ́ òní tó ṣú. Ta ni yóò wá máa ra táyà?”

Wọ́n nawọ́ sápá Ọba Akran. “Nígbà tí Dunlop ń ṣe táyà lọ́hùn-ún, ẹ ò bá máa bá mi sọ ọ́. Láti 2008 tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ, dọ́là la fi ń kó táyà wọlé. Kọ̀rọ̀ mélòó ló wà láti ibí dé Aláúsá? Gbogbo rẹ̀ ni ọkọ̀ yìí á máa fi táyà ha. Ẹ wá fi kòtò kún un. Sáfútì á kán ní Berger ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ọmọ yìí sì tó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, LASTMA ti dé. Owó ìtanràn rèé, owó àwọn tó wọ́ ọkọ̀ rèé, owó sáfútì rèé. Ẹ̀yin lẹ ní kó yéé dáwó nù o.”

Mo ní àwọn Òyìnbó ń ṣe é.

“Irin jíà le, ó sì gbẹ. Bí wẹ́dà ò bá fara balẹ̀, ojú ibi tó jó á sán, èérún á bọ́ sínú ọ́ìlì, bíárìn á jẹ ẹ́, ẹ ó wá ra odindi dífù. Ọmọ Òyìnbó tí ẹ ń wí yìí, ṣé ọkọ̀ yẹn ló fi ń lọ síbi iṣẹ́?”

“Rárá o, Bàbá. Eré ló fi ń ṣe.”

“Ẹ ò wá rí i? Ẹni tó lọ́kọ̀ méjì ló ń ba ọ̀kan jẹ́.”

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìwà tí àwa ará òkèèrè ń pè ní mánéèjì, ẹni tó bá lẹ́yìn ni apá rẹ̀ ká a. Ẹni tó ní AA, tó ní táyà £20, tí ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀, ó lè fi dífù ṣeré. Bó bá bàjẹ́, ìtàn ni yóò fi ṣe nílé ọtí. Ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo, tó ń fi lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó ń fi kó ọjà ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó tún fẹ́ fi jó lópin ọ̀sẹ̀, ìṣirò ló ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́. Kò ráyè mánéèjì.

Bàbá ní ká lọ wá limited-slip tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀. Wọ́n bá wa lọ, torí wọ́n ní bí èmi bá fi lè lanu nínú ọjà yẹn, owó á gòkè. Onítajà kan, ọmọ Íbò tó gbọ́ Yorùbá ju ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ, gbé dífù kan jáde. Ó ní láti UK ló ti wá tààrà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti inú kọ̀ǹténà ni, kò mọ kòtò rí. Bàbá fọwọ́ yí ibi tí sáfútì ń wọ̀ lápá ọ̀tún. Ká ní dífù lásán ni, apá òsì á yí sí òdìkejì. Èyí yí síbì kan náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́: “Àǹkù, limited-slip ni!”

Bàbá ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ki irin bọ apá ọ̀tún, wọ́n ní kí ọmọ ìsọ̀ ki tirẹ̀ bọ òsì, kí wọ́n fà á ní òdìkejì ara wọn. Limited-slip gidi, bí ẹ bá fà á tagbáratagbára, á jọ̀wọ́ díẹ̀. Èyí ò mira. Wọ́n tọrọ sípánà, wọ́n tú ìdérí ẹ̀yìn, wọ́n tan iná fóònù sí i. Láàárín ọ́ìlì dúdú, irin tó yọ́ ti dì wúruwùru mọ́ gbogbo eyín jíà kéékèèké inú rẹ̀. Ọmọ kan ti ṣe Sátidé tirẹ̀ sí i.

“Ọ̀gá London,” Bàbá ní, “iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn yín rèé.”

Ojú tì mí fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ò ti onítajà rárá. Ó yọjú wo inú dífù, ó gbójú sókè wò wá, ó ní, “Ṣé èyí tó ní limit lẹ ń wá? Ìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ló ń di ẹsẹ̀ mú. Tèmi dì í mú pátápátá. Ẹ fowó kún un.”