Mo Jogún Àwo, N Kò Jogún Ọkọ́

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà mọ owó í kà. Àwọn baba wa tó ń kiri aṣọ láwìn ni wọ́n sọ ní Òṣómàáló, nítorí bí ọjọ́ àdéhùn bá pé, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, wọn ò ní dìde títí owó yóò fi pé lọ́wọ́ wọn. Inú ẹ̀jẹ̀ yẹn lèmi náà ti wá. N kò lè jẹ́ kí ọlọ́kadà gbé ṣenji náírà 50 mi lọ. Síbẹ̀, ìwé ìṣirò ikùn mi, bí ayẹ̀wéwò bá rí i, ẹ̀wọ̀n ni. Ohun tó wọlé, ìdajì rẹ̀ ni mo ń kọ sílẹ̀. Ohun tí mo ná, mo ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Èyí tí mo bá sì jẹ lórí ìdúró, tàbí tí mo tọ́ wò nínú àwo ẹlòmíràn, kò sí nínú ìwé rárá. Ìjẹ́wọ́ ni mo wá ṣe, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹ̀bi láìjiyàn, torí ó dá mi lójú pé irú ìwé yìí pọ̀ nílẹ̀ wa ju èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ.

Àṣìṣe tó bí gbogbo ìyókù ni pé mo jogún àwo, n kò jogún ọkọ́. Ẹ wo àgbẹ̀ kan ní Ìperindó, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko kòkó, tó ń kọ ebè, tó ń ṣán igbó, tó sì ń ru ẹrù bọ̀ wálé. Ẹ wá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ jíjókòó ti tábìlì. Kí àwọn méjèèjì wọn kílò 70. Bí kálukú bá sùn sílẹ̀ tọ̀sán-tòru láìgbé ọwọ́, ara rẹ̀ yóò ṣì ná nǹkan bí 1,700 kálórì kí ọkàn lè máa lù, kí èémí máa jáde, kí ara má tutù. Àwọn onímọ̀ tí FAO, WHO àti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó jọ ní 2001 fi hàn pé bí a bá sọ iye yẹn di ìlọ́po 1.5, a rí ohun tó tó oníjókòó. Ti ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ lé ní ìlọ́po méjì. Ti oníjókòó wa já sí 2,550. Bí a bá fi 2.1 ṣe ti àgbẹ̀, ó di 3,570. Ohun tó wà láàárín wọn lé díẹ̀ ní 1,000 kálórì, ìyẹn iṣu sísè tó tó nǹkan bí gíráàmù 880. Lọ́rọ̀ kan, ọkọ́ nìkan ń jẹ iṣu tí kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí kílò kan lóòjọ́. Àga kì í jẹun. Èmi ni mo ń bu oúnjẹ ọkọ́ fún àga, tí mo sì ń ṣe kàyéfì ibi tí oúnjẹ náà ń gbà lọ, nígbà tó jẹ́ pé ó wà níwájú mi gan-an, lókè bẹ́líìtì.

Kálórì tí mo ń dárúkọ yìí, òun la fi ń wọn agbára inú oúnjẹ, bí a ṣe ń fi lítà wọn bẹntiróòlù. Wilbur Atwater, ará Amẹ́ríkà, ló fi ìṣirò rẹ̀ lélẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òun la sì ń tẹ̀ lé títí dòní: gíráàmù kan èròjà afúnnilágbára bíi ti iṣu ní kálórì 4, ti purotéènì 4, ti álíkọ́ọ̀lù inú ọtí 7, ti ọ̀rá 9. Níbi 9 yìí ni mo ti máa ń fojú fò ó. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀fọ́ rírò síwájú mi, tí epo pupa léfòó sétí àwo, tó ń dán, tó yí ẹ̀gúsí ká bí omi ṣe ń yí erékùṣù ká, ẹ̀fọ́ ni mo ń kọ sínú ìwé. Ṣíbí ńlá kan epo yẹn ní kálórì 120, bí òkèlè iyán méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gíráàmù 50. Ta ló ń fi ṣíbí kan ro ẹ̀fọ́? N kò ní kí á lé epo pupa jáde nílé, torí èròjà tó ń di fítámì A, tí ojú nílò, kún inú rẹ̀ dáadáa. Ẹjọ́ mi ni pé mo ń jẹ ẹ́ bí àlejò tí orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá ń fi àwọ̀ àti adùn ṣe ìṣirò. Ohun tó bá ní àwọ̀ ewé, oògùn ni. Ohun tó bá dúdú, kò lè ní ṣúgà. Ohun tó bá korò, ó ń fọ ohun dídùn dànù. Ìlànà mẹ́ta yìí ló gbé mi dé ibi tí mo wà lónìí. WHO ní kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó gíráàmù 400 lóòjọ́. Mo fi iṣu àti kókò pé e, kó tó di pé mo rí i pé wọ́n dìídì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣu, ẹ̀gẹ́ àti irú wọn kò sí nínú ẹ̀. Ẹnu tì mí. Ewúro dára, ó ní ọ̀pọ̀ aṣaralóore, ṣùgbọ́n kò sí ewé tó ń lé kálórì padà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ti àmàlà, iṣu kan náà ni: wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́, ibẹ̀ ló ti dúdú. Ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n lè máa yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju òmíràn lọ, ó sì lè ran ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lọ́wọ́; àmọ́ ohun tó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń bọ̀ náà ni, bí àwo bá sì ga tó Òkè Ìdánrè, pẹ̀lẹ́ yẹn kò ní gba ẹnikẹ́ni là. Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹran. Purotéènì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n purotéènì awọ ni, ó ní èròjà kan tí ara kò lè dá ṣe tí kò sí nínú rẹ̀ rárá. Mọ́ọ̀tì wá ni olórí wọn: mo gbà gbọ́ pé ó ń fún ni lẹ́jẹ̀, torí pé ó dúdú, kò sì sí ìdí mìíràn. Ohun tó ń di ẹ̀jẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀dọ̀, inú ẹran àti inú tẹ̀tẹ̀, pàápàá bí ọsàn bá tẹ̀ lé tẹ̀tẹ̀ náà. Ohun tó pọ̀ nínú mọ́ọ̀tì ni ṣúgà. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá rí i kí n tó rí i, wọ́n fi Òfin Ìnáwó 2021 bu náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí ṣúgà bá wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ojú ti tì mí jù ni ìdí ẹ̀wà. Gíráàmù 100 iṣu sísè ní kálórì 116. Gíráàmù 100 ẹ̀wà sísè ní kálórì 116. Kò sí ìyàtọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń ka kálórì nìkan yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n, kó sì máa bá iyán rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n purotéènì inú iṣu yẹn jẹ́ gíráàmù 1.5, ti ẹ̀wà jẹ́ 7.7, ó lé ní ìlọ́po márùn-ún. Ọkùnrin kílò 70 nílò purotéènì bíi gíráàmù 58 lóòjọ́. Bó bá fẹ́ fi iṣu nìkan wá a, á jẹ iṣu tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́rin, kálórì tó sì máa wọlé pẹ̀lú rẹ̀ á tó 4,500, tí àgbẹ̀ tiwa pàápàá kò lè ná tán. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé oúnjẹ aṣaralóore kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ iye nìkan. Ẹ̀wà náà ní àléébù tirẹ̀, purotéènì rẹ̀ kò pé délẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣaláìní, àgbàdo ní in. Ohun tí àgbàdo ṣaláìní, ẹ̀wà ní in. Ẹni tó kọ́kọ́ se àdàlú kò ka ìwé kankan, ó kàn gbọ́n jù mí lọ ni.

Wọ́n á ní àwọn baba ńlá wa jẹ iyán láàárọ̀, wọ́n jẹ ẹ́ lálẹ́, wọ́n sì gbó kí wọ́n tó kú. Èmi náà ti fi ọ̀rọ̀ yìí gbèjà ara mi títí ó fi gbó ju àwọn baba náà lọ. Apá kan ìdáhùn rẹ̀ ti wà lókè: ọkọ́ ló ń bá wọn jẹ ẹ́. Apá kejì korò. Àwọn tó gbó là ń kà. A kì í ka àwọn tí kò dàgbà. Ní 1956, dókítà ọmọdé kan, David Morley, ará Gẹ̀ẹ́sì, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì gbájú mọ́ àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, níhìn-ín nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ohun tó ṣe kò ju kí á máa gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n lóṣooṣù, kí á máa fi àmì sórí káàdì kan, kí ìyá sì mú káàdì náà lọ sílé. Oṣù wà nísàlẹ̀ káàdì, ìwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmì kọ̀ọ̀kan so mọ́ èkejì. Bí ìlà bá ń gòkè, ara ọmọ ń dá. Bí ìlà bá sùn, nǹkan ti ń ṣe ọmọ kí ojú tó rí i, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ kún. Káàdì Ìmẹ̀sí yìí ló rìn káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ìlà bá sùn, àsìkò tí ọmọ ń já lẹ́nu ọmú ló máa ń jẹ́, tó bọ́ sórí ẹ̀kọ mímu lásán. Bí a bá rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, púpọ̀ purotéènì rẹ̀ ń bá eèrí lọ. Ikùn ọmọ á yó, ebi á sì máa pa á. Dókítà Cicely Williams ti ṣàpèjúwe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ní Gold Coast, Gánà òde òní, ní 1933. Kwashiorkor ni orúkọ tí àwọn Gà fún un, àìsàn ọmọ tí àbúrò rẹ̀ gba ipò rẹ̀. Ọmọ yẹn àti èmi, àṣìṣe kan náà ló dé bá wa: wọ́n ka yíyó sí oúnjẹ. Tirẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Tèmi, ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀.

Àtakò kan wà tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: pé oúnjẹ tó pé jẹ́ ti olówó. Òótọ́ ni pé ẹyin àti ẹ̀wà ti gbówó lórí débi pé ẹ̀rù ń ba ni láti béèrè iye kóńgò, ẹni tó bá sì ń wa kùsà wúrà lọ́jọ́ gbogbo ní agbègbè Ìperindó nílò kálórì púpọ̀ lówó pọ́ọ́kú, gaàrí ló sì máa fún un. N kò ní bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ epo. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ọ̀rọ̀ yìí bojú kì í ṣe òun. Owó ìgò mọ́ọ̀tì mi, owó ẹran kejì, owó òkèlè tí mo fi kún un nítorí ọbẹ̀ kù, wọ́n tó ra ẹ̀wà, ó sì kù. Wọ́n tún ní wíwọn oúnjẹ jẹ́ àṣà òyìnbó. Àwa tí a ń bá ìyá oníwóró jà lórí kóńgò, tí a mọ èyí tí wọ́n ti ìdí rẹ̀ bọ inú, tí a mọ ìyàtọ̀ àbùkún àti àbùjẹ! A mọ òṣùwọ̀n dáadáa. Ọjà la fi í sí, a kì í gbé e wọ ilé ìdáná.

Ara ní tirẹ̀ kò gbàgbé. Kálórì 100 tó ṣẹ́kù lójúmọ́, tí kò pé òkèlè méjì, á di 36,500 lọ́dún, kílò kan ọ̀rá sì ní nǹkan bí 7,700. Ẹ ṣe ìpín rẹ̀. Kò ní rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, torí bí ara ṣe ń wúwo ló ń ná sí i, ṣùgbọ́n ibi tó ń kọjú sí kò yí padà. Òṣómàáló gidi ni. Ó ń tà fún mi láwìn, kò sọ nǹkan kan, ó sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí àti ìfúnpá tó ń ga. Mo gbìyànjú ẹ̀tàn kan sí i: àìjẹ oúnjẹ àárọ̀. Ó gbà á, ó sì gba owó rẹ̀ padà lálẹ́, pẹ̀lú èlé.

Ẹ̀tàn tó kù lọ́wọ́ mi ni pé ìrònú jẹ́ iṣẹ́ oko. Mo rí ẹ̀rí rẹ̀: ọpọlọ nìkan ń ná bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà ìsinmi. Inú mi dùn títí mo fi kà á síwájú pé ó ń ná an bẹ́ẹ̀ yálà ẹni náà ń ronú gidi tàbí ó ń wo àjà ilé. Mo wá ṣírò ohun tí wákàtí kan lórí àga, pẹ̀lú bíró lọ́wọ́, fi ju àìṣe nǹkan kan lọ fún ẹni kílò 70. Kálórì 28 ni. Ìdajì òkèlè, láìsí ọbẹ̀.