Jíìpù Tó Wọ Agbádá, Tí Kò Wọ Ṣòkòtò

Ẹ̀yin ọlọ́jíìpù Ọbaníkòró, ẹ kú ìmúra ogun o. Ogun tí ẹ ń lọ jà gan-an ni kò tíì yé wa. Láti ibùdókọ̀ Ọbaníkòró dé Pedro, kí ẹ tún gba Ṣómólú já sí Bàrígà, kò sí òkúta kan tó ga dé orúnkún ọmọdé. Orí iyanrìn àti omi ọ̀sà ni Èkó jókòó sí. Àpáta kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni mọ̀ ládùúgbò wa ni èyí tí wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí jíìpù yín níwájú ilé á rò pé aṣálẹ̀ Sàhárà lẹ ti ń bọ̀, ẹ kàn ní kí ẹ yà ra búrẹ́dì ni.

Irin ràgàjì níwájú. Iná rẹpẹtẹ lórí òrùlé, tó jẹ́ pé bí ẹ bá tàn án, àwọn ọmọ àdúgbò á pariwo "Ùúpù NEPA!" Páìpù dúdú kan tún gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú gòkè, èyí tí àwọn òyìnbó ṣe kí ẹ́ńjìnnì lè rí atẹ́gùn fà bí mọ́tò bá wọ odò. Mo wo ti ọ̀gá kan fínnífínní. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara mọ́tò! Kò síbi tó gbà wọlé. Imú wà, èémí ò sí. Bí òjò bá dé, tí omi gba títì, ọ̀gá yìí ló máa kọ́kọ́ pa mọ́tò tì, tí á bọ́ bàtà sọ́wọ́, tí á máa fẹsẹ̀ wọ́dò lọ sílé.

Ìyẹn kọ́ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ẹ ò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò náà rí. Jíìpù wọ agbádá, ó dé fìlà, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, kò wọ ṣòkòtò! Gbogbo irin pátá, ibi tí ojú ayé ń rí ló wà. Abẹ́ lọ́hùn-ún, níbi tí sọ́ǹpù tó gba ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúró wà, níbi tí gíà àti táńkì epo wà, ìhòòhò gbalaja.

Ẹ má sọ fún mi pé rọ́bà kan wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ rà á. Mo mọ̀. Ó bá a gba Kútọnu wá. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ lọ pààrọ̀ ọ́ìlì, ọmọṣẹ́ mẹ́káníìkì tú u, kílíìpù mẹ́rin sọnù, èyí tó kù ò lè gbé e dúró, wọ́n bá fi wáyà so ó. Nígbà kejì, wáyà já lójú ọ̀nà Ìkòròdú, rọ́bà ń wọ́ nílẹ̀ gbàràgàdà, àwọn kọndọ́ dánfó ń pariwo, "Ọ̀gá, nǹkan yín ń já sílẹ̀ o!" Nígbà kẹta, ó ti di ohun tí ọmọṣẹ́ yẹn ń tẹ́ sùn lábẹ́ mọ́tò ẹlòmíràn. Rọ́bà ọ̀hún gan-an, eruku àti ẹrẹ̀ ló wà fún. Kò sẹ́ni tó ṣe é pé kó gba ìyà.

Ìyà sì wà lójú ọ̀nà wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí ẹgbẹ́ onílé. Ẹgbẹ́ onílé ò rówó tún gọ́tà ṣe, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di bọ́ǹpù, sìmẹ́ńtì á jáde láti ibi tí ẹnì kan ò mọ̀. Wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn ò wọ̀n ọ́n. Ibi tí iyanrìn bá tán sí ni gíga rẹ̀ parí sí. Alága á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ní ó kéré, pé àwọn ọmọ yìí ń sáré jù. Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò alága ló kọ́kọ́ fi ikùn lù ú. Lẹ́yìn bọ́ǹpù ni ìdérí gọ́tà tó ti fọ́, tí irin rọ́ọ̀dù inú kọnkéré yọrí síta, tó kọjú sókè, tó ń retí yín. Bí omi bá sì bo gbogbo rẹ̀, ẹ ò ní rí i. Sọ́ǹpù ló máa bá yín rí i.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, a ní àpáta tiwa. Láti ọdún 2008 tí bọ́ọ̀sì BRT ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 12 sí CMS, tó ń gba iwájú Ọbaníkòró kọjá, kọnkéré tí wọ́n fi pààlà ọ̀nà rẹ̀ ni àpáta wa. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á sú ọ̀gá, á yà wọ ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Bó ṣe rí àwọn LASTMA lọ́ọ̀ọ́kán, ọkàn rẹ̀ á sọ fún un pé, "Ṣebí jíìpù ni." Ó gun kọnkéré. Táyà iwájú kọjá. Ó dún gbààà! Ikùn mọ́tò jókòó pa sórí kọnkéré, táyà iwájú wà lápá ibí, ti ẹ̀yìn wà lápá ọ̀hún, ọ̀gá wà láàárín, ó ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú fóònù, gbogbo èrò inú BRT sì ń yà á ní fọ́tò. Ní Kalifọ́níà lọ́hùn-ún, ọ̀nà olókùúta kan wà tí wọ́n ń pè ní Rubicon Trail. Láti ọdún 1953 ni àwọn olówó ti ń kó jíìpù jọ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n ń sanwó kí ojú wọn lè rí màbo. Tiwa, ọ̀fẹ́ ni. Ó ku owó ìtanràn.

Bí sọ́ǹpù bá là, kì í ké. Ọ́ìlì á kàn máa kán sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Iná pupa kékeré kan á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀gá á wò ó, á rántí pé iná mẹ́ta mìíràn ti ń tàn níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, á tún orin yí. Kó tó dé Fádéyì, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ó di ọjà Ládípọ̀, láti lọ wá ẹ́ńjìnnì àlòkù tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù.

Ó dáa, ẹni tó bá fẹ́ wọ ṣòkòtò fún jíìpù, irú èwo ni kó rán? Ọ̀rọ̀ gidi rèé, kí n tó padà sídìí yẹ̀yẹ́. Irin wà, alumíníọ̀mù wà. Irin tó nípọn mílímítà 5, tó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóròó, wúwo tó kílò 39. Alumíníọ̀mù tó nípọn mílímítà 6, tó fẹ̀ bákan náà, kò ju bíi kílò 16 lọ. Àwọn tó ń gun òkúta lóòótọ́ fẹ́ràn irin, nítorí irin máa ń yọ̀ kọjá lórí òkúta, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù rọ̀, òkúta á gé e jẹ, á sì dì í mú. Àmọ́ alumíníọ̀mù kì í dípẹtà, kì í sì í tẹ sípíríǹgì iwájú rì. Toyota fúnra rẹ̀, alumíníọ̀mù tó nípọn ìdámẹ́rin íǹṣì ló fi sábẹ́ 4Runner TRD Pro. Ṣùgbọ́n ARB, àwọn ará Australia tó ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí láti 1975, irin ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú tiwọn.

Ní tèmi, ẹni tó ń gbé Ọbaníkòró kó ra irin, mílímítà 3 tàbí 4, kó fi bo sọ́ǹpù àti gíà, kó kùn ún dáadáa, ó tó o. Kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó alumíníọ̀mù, ṣùgbọ́n kò sí òpópónà kan ní Ṣómólú tí ẹ ò ti ní rí ẹni tó ń jó irin. Kí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ṣáàsì, kí wọ́n má jó o pa, kí mẹ́káníìkì lè tú u. Kí orí nọ́ọ̀tì má yọ sílẹ̀, torí òun ni kọnkéré máa kọ́kọ́ fá. Kí wọ́n lu ihò tí ẹrẹ̀ àti omi á máa gbà jáde. Lékè gbogbo rẹ̀, kí wọ́n lu ihò sí ọ̀gangan ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì sílẹ̀! Bí ẹ bá gbàgbé èyí, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ni wọ́n á máa tú irin, ẹ sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí rọ́bà.

Kí ẹ sì mọ gẹ́jì o. Ọ̀gá kan wọ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ó ní irú irin wo ni wọ́n lò sábẹ́ mọ́tò aládùúgbò òun. "Gẹ́jì 16 ni, Ṣíámáànù." Ọ̀gá fi ìka lu àyà: "Ẹ fún èmi ní 18! Ṣé ẹgbẹ́ mi nìyẹn ni?" Wẹ́dà ò fọhùn. Ó kúkú mọ̀ pé bí nọ́ńbà gẹ́jì bá ṣe ń gòkè ni irin ń fẹ́lẹ́ sí i. Gẹ́jì 16 jẹ́ bíi mílímítà kan àbọ̀, 18 ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Irin tí wọ́n fi ń ṣe géètì ni méjèèjì. Ọ̀gá san owó tó pọ̀ ra èyí tó fẹ́lẹ́, ó tún fún wẹ́dà lówó máltíìnì.

Ó wá ku irin ẹ̀gbẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní rock slider. Páìpù irin tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn ni, kí òkúta má bàa lu etí bọ́dì wọlé. Ara ṣáàsì ni wọ́n ń dè é mọ́ tàbí kí wọ́n jó o mọ́ ọn, ó sì gbọ́dọ̀ lè gbé ìwúwo mọ́tò láì tẹ̀. Wrangler Rubicon ń bá tiẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ní tiyín, ẹ ti jáàkì bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e. Bí táyà bá kúrò nílẹ̀, ẹ kú oríire. Bó bá jẹ́ pé páìpù ló ń ká sókè tí táyà ò mira, ẹ mọ̀ pé àtẹ̀gùn ìyá ìyàwó lẹ rà, ibi tí wọ́n á fẹsẹ̀ lé bí wọ́n bá fi léèsì àti gèlè wọ mọ́tò. Èmi ti rí èyí tí ìyá àgbà kan tẹ̀, tó dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀, tí ọkọ ọmọ rẹ̀ sáré bọ́ sílẹ̀: "Mọ́mì, ẹ rọra, ẹ̀ṣọ́ lásán ni!"

Àwọn oní-Highlander àti oní-Lexus RX, ẹ̀yin náà ẹ jókòó. Mọ́tò yín ò ní ṣáàsì ọ̀tọ̀. Bọ́dì rẹ̀ náà ni ṣáàsì rẹ̀. Níbo lẹ fẹ́ kí wẹ́dà de irin ẹ̀gbẹ́ mọ́? Hilux, Prado, Land Cruiser, 4Runner, àwọn nìyẹn ló ní i. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é, kó má jẹ́ kí irin yọ kọjá etí táyà síta. Èyí ò ṣeé fi ṣẹ̀fẹ̀, torí ẹsẹ̀ ọlọ́kadà àti orúnkún èrò inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ló wà níbẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹ ó fi dẹ́rù ba dánfó. Dánfó tó ti gbọgbẹ́ níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, kí ni ọgbẹ́ kan sí i fẹ́ jẹ́ lójú rẹ̀?

Àwọn bàbá wa kò tiẹ̀ nílò gbogbo irin wọ̀nyí. Pijó 504 ni wọ́n gùn. Ní 1975 tí ilé iṣẹ́ Pijó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kaduna, ọdún náà ni 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Kenya, ó sì tún gbà á ní 1978, nínú ẹrẹ̀ tí mọ́tò yín máa rí tí á béèrè ọ̀nà ilé. Bàbá á kó èèyàn mẹ́sàn-án, àpò gààrí méjì àti ewúrẹ́ kan sínú rẹ̀ lọ ṣọdún Iléyá, wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀. Kò sí iná kankan lórí òrùlé. Adìyẹ ló wà lórí òrùlé.

Ọ̀gá oní-Highlander kan tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà lágbègbè wa, ó ní òun fẹ́ gbogbo rẹ̀: irin iwájú, irin abẹ́, irin ẹ̀gbẹ́. Wẹ́dà gbé awò dúdú sórí, ó wo mọ́tò yíká, ó wo ọ̀gá.

"Ṣíámáànù, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ń wà á lọ tó le tó báyìí?"

"Ìdànrè ni àwọn àna mi wà. Àpáta ló yí ilé wọn ká. Ṣé o dé Ìdànrè rí?"

"Háà, ẹ ò jẹ̀bi, sà. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń lọ lọ́dún?"

Ọ̀gá fi aṣọ nu eruku orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rọra.

"Àwọn ló máa ń wọ bọ́ọ̀sì wá bá wa. Ọ̀nà ọ̀hún ò dáa fún mọ́tò mi."