Etí Tí Nixon Rà fún Ògiri

Ògiri létí, ni àwọn baba wa wí, wọn kò sì wí i láti fi yin ògiri. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ṣe fún ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí lẹ́nu, pé kí ó wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, kí ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí ń yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá lẹ́yìnkùlé kì í patẹ́wọ́ kí á tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n inú òwe náà dúró lórí èyí, pé etí tí ó wà lára ògiri, etí ẹlòmíràn ni. Kò sì sí àgbà kan, bí ó ti wù kí inú rẹ̀ jìn tó, tí ó ronú kàn án pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí alákòóso ìlú yóò fi owó ìlú ra etí fún ògiri ààfin ara rẹ̀, tí yóò fẹ̀yìn tì sórí àga, tí yóò sì máa gbìmọ̀ ibi lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn gooro.

Ọjọ́ náà dé ní oṣù kejì ọdún 1971, ní Washington, nígbà tí Richard Nixon, Ààrẹ kẹtàdínlógójì orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ òun fi gbohùngbohùn pamọ́ sínú tábìlì tí òun ń jókòó tì, sínú iyàrá tí òun ti ń bá àwọn mínísítà jíròrò, àti sára tẹlifóònù òun pẹ̀lú. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Lyndon Johnson, tí Nixon gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ti ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí, tí Nixon sì dé ní 1969 tí ó pàṣẹ pé kí wọ́n fà á tu. Ọdún méjì péré ni ó fi wo ògiri adití kí ara rẹ̀ tó kọ̀ ọ́.

Kí ni ó sún un dé ibẹ̀? Ìfẹ́ ìyìn ni. Ó fẹ́ kí ìtàn ní ọ̀rọ̀ ẹnu òun lọ́wọ́, kí ẹni tí ó bá bá òun gbìmọ̀ lónìí má baà sẹ́ lọ́la. Arókin ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n arókin tí ó bá gbọ́n mọ ibi tí a ti ń gbé ohùn sókè àti ibi tí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì, ó sì mọ ìtàn tí kò yẹ kí ọba gbọ́ lójú àlejò. Èyí tí Nixon gbà síṣẹ́ kò mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Agbohùnsílẹ̀, a-gbọ́-má-gbàgbé, a-jọ̀rọ̀-má-gbé-e-mì, ìránṣẹ́ tí kì í gba owó oṣù, tí kì í sì í tijú olówó rẹ̀: ní kété tí ẹnu bá là ni ó jí; bí ọba húkọ́ ó gbà á, bí ọba búni ó gbà á, bí ọba pète irọ́ ó gbà á pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀.

Ní òru ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1972, ọwọ́ tẹ àwọn ọkùnrin márùn-ún ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic nínú ilé tí a ń pè ní Watergate. Etí ni àwọn náà gbé wá, kí wọ́n fi mọ́ ògiri alátakò. Frank Wills, ọlọ́dẹ ilé náà, ọmọ adúláwọ̀ ẹni ọdún 24, ti kọ́kọ́ rí ọ̀rá alálẹ̀mọ́ tí wọ́n fi di ẹnu àgádágodo kí ilẹ̀kùn má baà tì, ó sì já a sọnù. Nígbà tí ó tún yí ibẹ̀ ká, wọ́n ti lẹ òmíràn síbẹ̀. Àwọn tí ń jíṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ ìpolongo ìbò Ààrẹ kò rò ó pé ojú tí ó rí ti àkọ́kọ́ lè rí èkejì. Ó pe ọlọ́pàá.

Kì í sì í ṣe ọ̀ràn ebi. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà Nixon jáwé olúborí ní ìpínlẹ̀ 49 nínú 50. Oúnjẹ ti wà nínú àwo rẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń lọ jí ti aládùúgbò.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí ọwọ́ tẹ àwọn olè, òun àti Haldeman, olórí òṣìṣẹ́ rẹ̀, jókòó, wọ́n sì fẹnu kò pé kí àwọn ọ̀gá CIA sọ fún FBI pé kí wọ́n má ṣe tú ọ̀ràn náà wò mọ́. Ògiri gbọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1973, John Dean, agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ Ààrẹ, wá sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti wọ inú ìjọba, àti pé owó tí a ó fi pa àwọn olè náà lẹ́nu mọ́ lè tó mílíọ̀nù kan dọ́là láàárín ọdún méjì. Ààrẹ dáhùn pé òun mọ ibi tí a ti lè rí i. Ògiri gbọ́ ìyẹn náà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó bá sì fún ẹnu tirẹ̀ ní akọ̀wé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a gbowó ọ̀ràn kí ọ̀ràn tó dé.

Ní ọjọ́ 16 oṣù keje, nígbà tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró dá Nixon dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, Alexander Butterfield, tí ó ti bá a ṣiṣẹ́, jókòó níwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin àgbà, ó sì jẹ́wọ́ pé ògiri létí. Àwọn kan gba Nixon nímọ̀ràn pé kí ó dáná sun téèpù náà. Ó kọ̀. Ó ní tòun ni wọ́n. Nígbà tí Archibald Cox, olùpẹjọ́ àkànṣe, sì fi àáké kọ́rí pé àfi kí òun gbọ́ wọn, Ààrẹ ní kí wọ́n lé e kúrò níṣẹ́. Ọ̀gá méjì ní ilé iṣẹ́ ìdájọ́ fi ipò sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo kí á tó rí ẹnìkẹta tí ó gbà láti jíṣẹ́ náà.

N kò lè fo ti ìṣẹ́jú 18 àbọ̀ kọjá. Nínú téèpù kan, ọ̀rọ̀ ń lọ geerege, àfi bí ariwo ẹ̀rọ tí ó gba ipò ohùn ènìyàn fún ìwọ̀n àkókò yẹn. Rose Mary Woods, akọ̀wé Ààrẹ, ṣàlàyé pé tẹlifóònù ni ó dún, pé bí òun ti ń nawọ́ gbé e, ẹsẹ̀ òun ṣì wà lórí ẹ̀rọ, àti pé ó ṣeé ṣe kí òun ti pa bí ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ fi hàn níwájú ayàwòrán, ọwọ́ ní ìhín, ẹsẹ̀ ní ọ̀hún, bí ẹni tí ń kọ́ ijó tuntun. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ilé-ẹjọ́ gbé kalẹ̀ ní, ó kéré tán, ìgbà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a pa ọ̀rọ̀ rẹ́ níbẹ̀. Etí tí kò pàdánù èébú Ààrẹ kan rí, òun ni ó di adití lójijì.

Ní oṣù keje ọdún 1974, adájọ́ mẹ́jọ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ panu pọ̀ pé kí Nixon kó téèpù sílẹ̀; òun fúnra rẹ̀ ni ó yan mẹ́ta nínú wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Haldeman bọ́ sí gbangba ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé aṣòfin sá lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 9, ó ti bá hẹlikọ́pítà lọ. Gerald Ford, tí ó rọ́pò rẹ̀, dárí jì í kí oṣù tó yí po.

Ìyókù di ẹjọ́ ogún. Ìjọba ti fi òfin gba téèpù náà kí Nixon má baà bà wọ́n jẹ́, òun náà sì bá wọn fà á títí ó fi kú ní 1994. Ní ọdún 2000 ni ìjọba gbà láti san mílíọ̀nù 18 dọ́là fún àwọn tí ó jogún rẹ̀, owó gbà-má-bínú lórí téèpù àti ìwé rẹ̀. N kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè ẹ̀dínwó nítorí ìṣẹ́jú 18 àbọ̀ tí kò sí níbẹ̀.