Alágẹmọ Kò Tíì Bímọ Tán

Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Òwe yìí ti dájọ́ kí a tó pe ẹlẹ́rìí: ó dá òbí láre, ó di ẹ̀bi ru ọmọ. Ìyá ti ṣe tirẹ̀, ó ti fi bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ hàn. Bí ọmọ bá dójú agbo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ìlù mu, òun ni kí ẹ bi. Ẹjọ́ náà tọ́ láyé tí alágẹmọ ń bímọ níwọ̀n. Nínú ayé fíìmù tí a wà yìí, alágẹmọ kò tíì bímọ tán. Ó bí àkọ́bí, àkọ́bí jó. Ó bí èkejì, ìyẹn jó ju ẹ̀gbọ́n lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń bí lọ láìsinmi, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn tó kù tó mọ ẹsẹ̀ gbé. Àwa òǹwòran wá yí agbo ká, a ò bi ìyá léèrè ohun tó ń wá, èwo nínú àwọn ọmọ ni kò mọ̀ ọ́n jó jù là ń bá ara wa jiyàn lé lórí.

Agbo fíìmù Terminator ni iyàn náà ti gbóná jù. Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń da fíìmù sí mẹ́mọ́rì fóònù ní Èrúwà lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Adéṣeun Ògúndóyìn bá wọlé, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ẹnì kan á ní apá kẹta ló ba nǹkan jẹ́, torí pé James Cameron tó darí méjì àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní apá kẹrin ni, kí lèèyàn tún ń wo Terminator fún bí Arnold Schwarzenegger kò bá yọjú? (Gómìnà ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ni bàbá náà lásìkò ọ̀hún, ojú rẹ̀ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ni wọ́n fi hàn wá fìrí.) Ẹ̀kẹta á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ ò tíì rí nǹkan kan, ẹ lọ wo èyí tí wọ́n ṣe ní 2019. Àwa tí a gbà láti kékeré pé áátọ̀ kì í kú! Nínú fíìmù àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì, ọ̀tá áátọ̀, gan-an ni Schwarzenegger, áátọ̀ sì kú kó tó parí.

Kí a tó dájọ́ ọmọ, ó yẹ ká wo ìdílé. Fíìmù àkọ́kọ́ jáde ní 1984. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.4 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, ó sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 78 wọlé. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú rárá: ní ọdún 2029, àwọn ẹ̀rọ ti fẹ́ẹ̀ pa ọmọ ènìyàn run, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Connor ló ń kó àwọn tó kù jagun, àwọn ẹ̀rọ wá rán apànìyàn onírin tí wọ́n fi ẹran ara bò padà sẹ́yìn, kó lọ pa ìyá rẹ̀ kó tó lóyún rẹ̀. Apá kejì dé ní 1991, ó náni tó mílíọ̀nù 100 dọ́là, ó pa ju mílíọ̀nù 500 lọ, ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar mẹ́rin. Ní ìparí rẹ̀, wọ́n jó ohun gbogbo tí wọn ìbá fi ṣẹ̀dá àwọn ẹ̀rọ ọ̀hún, ẹ̀rọ rere tó kù sì ní kí wọ́n sọ òun náà sínú irin yíyọ́. Ìtàn parí. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn dé ibẹ̀ tó tún ń bèèrè ohun tó kù, ó ní nǹkan mìíràn tó ń wá.

Nǹkan mìíràn náà ni owó, a sì lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí Cameron ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, dọ́là kan ṣoṣo ló ta ẹ̀tọ́ ìtàn náà fún Gale Anne Hurd, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kó darí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Carolco wọ̀ ọ́, òun ló ṣe apá kejì. Gbèsè gbé e mì ní 1995. Àwọn tó dá Carolco sílẹ̀, Mario Kassar àti Andrew Vajna, tún padà rà á, apá kẹta sì jáde ní 2003 láìsí Cameron. Ní 2007 ilé-iṣẹ́ Halcyon rà á, wọ́n gbé apá kẹrin jáde ní 2009, ọdún yẹn náà ni wọ́n sáré lọ ilé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn. Wọ́n lu ẹ̀tọ́ náà ní gbàǹjo ní 2010, ó lọ ní mílíọ̀nù 29.5 dọ́là. Ọwọ́ kan gbà á lọ́wọ́ kan títí apá karùn-ún fi jáde ní 2015, tí ẹ̀kẹfà sì tẹ̀ lé e ní 2019. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn tó ń rà á yìí tó rà á nítorí pé ìtàn kan ń dà á láàmú lọ́kàn. Orúkọ ni wọ́n rà. Ẹni tó bá sì fi mílíọ̀nù ra orúkọ kò lè gbé e pamọ́ sí àpótí, ó gbọ́dọ̀ bímọ kí owó lè padà. Ọmọ tí wọ́n bí láti san gbèsè ni ẹ gbé síwájú onílù, ẹ wá ń bínú pé kò mọ ijó.

Ẹ má rò pé òkèèrè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Gbogbo ẹni tó bá wo fíìmù Yorùbá ní ayé kásẹ́ẹ̀tì àti síídì ló mọ ibi tí ọkọ bá ti gbé ìbọn sókè, tí ìyàwó ké, tí àwòrán dúró gbagidi, tí wọ́n sì ní ká máa retí apá kejì. Apá kejì ọ̀hún á dé, ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ á jẹ́ ohun tí a ti rí ní apá kìíní, ìyókù á jẹ́ ẹkún àti ọ̀nà jíjìn tí mọ́tò ń rìn. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀síwájú nínú ìtàn. Hubert Ògúndé ṣe Ayé ní 1979, ó fi Jáíyésinmi tẹ̀ lé e lọ́dún kejì. Ti Olúwa Nilẹ̀ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993 jẹ́ apá mẹ́ta, kò sì sú ẹnikẹ́ni, torí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn kò lè tán lójú ẹsẹ̀.

Èyí tí iyàn ti máa ń le níbí ni fíìmù Kèlání méjì, Saworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé Agogo Èèwọ̀ kò tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, n kò sì ní bá wọn jà lórí adùn: kò sí ohun tó lè dùn tó àkókò tí adé gba ẹ̀mí Lágata, ológun tó gbàjọba nínú Saworoidẹ, lórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí wọ́n jáde. Saworoidẹ dé ní 1999, nígbà tí ológun ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ìjọba. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dé adé Jogbo, ìlú inú fíìmù náà? Agogo Èèwọ̀ dé ní 2002, a ti dìbò, ọba tuntun ti wà lórí ìtẹ́, àwọn ìjòyè sì ń jalè bíi ti àtijọ́. Ìbéèrè tuntun ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé wá, ìlú ló sì bi í léèrè kó tó kọ ọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ ń fẹsẹ̀ kọ díẹ̀ nínú ijó, ẹ jẹ́ kó jó.

Mo mọ̀ pé ará Ìgbó-Ọrà yóò dá mi lóhùn ní kíá. Nílùú tí wọ́n ń ṣe ọdún ìbejì ní oṣù Ọ̀wàwà, ẹ kò lè wá sọ pé èyí tó kẹ́yìn dé ni kò dára. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyéwò lọ tọ́ ayé wò. Mo gbà, àní mo fẹ́ràn àtakò náà, torí òun ló tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Terminator jù. Ọkùnrin onírin olómi tó dẹ́rù bà wá ní apá kejì ti wà nínú èrò Cameron láti ìgbà tó ń ro àkọ́kọ́. Ọgbọ́n ẹ̀rọ tí wọn ìbá fi ya àwòrán rẹ̀ ni kò tíì sí. Kẹ́hìndé tòótọ́ ni apá kejì yẹn, inú ló wà tó ń dúró. Ó Le Kú, apá méjì tí Kèlání ṣe ní 1997, náà jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ìwé kan náà ló bí wọn. Apá kẹta Terminator, èyí tó dé lẹ́yìn ọdún 12, kì í ṣe ìbejì ẹnikẹ́ni. Kò sí nínú oyún, kò sí nínú àlá. Ìwé àdéhùn ló bí i.

Ẹlòmíràn á mú owó wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ọmọ Ghetto jáde ní 2010, èyí tó tẹ̀ lé e dé lọ́jọ́ Kérésìmesì 2020, ó sì pa mílíọ̀nù 636 náírà ní sinimá, èyí tí fíìmù Nàìjíríà kankan kò tíì pa rí nígbà náà. (Ìbejì ni Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe nínú rẹ̀, kí ará Ìgbó-Ọrà má bàa sọ pé mo fi pamọ́.) Jẹ́nífà Akíndélé bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ó padà dé ní 2011, ó di eré orí tẹlifíṣàn, ní Kérésìmesì 2024 ó tún kún sinimá, ó sì ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n iye tó wọlé ń sọ bí a ṣe fẹ́ràn orúkọ tó, kò sọ bí ìtàn ṣe dára tó. Apá karùn-ún Terminator pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 440 dọ́là, Ṣáínà nìkan mú ju 110 wá nínú rẹ̀, n kò sì tíì pàdé ẹni tó fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ní ti àwọn tó ní iṣẹ́ oúnjẹ ni, pé télọ̀ àti onítíátà rí jẹ nínú rẹ̀, ìtàn tuntun náà nílò télọ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti Ìjàpá. Ta ló ní apá púpọ̀ tó o? Ó kú lánàá nínú àlọ́ kan, ó jí lónìí nínú òmíràn, kò sì sí àgbà tó ní ó ti pọ̀ jù. Bí Àníkúlápó ti Kúnlé Afọ́láyàn bá parí ní 2022 tí a rò pé ti Sàró, akọni rẹ̀, ti tán, tí Sàró tún dé ní 2024, kí ló burú? Ìdáhùn mi ni pé àlọ́ Ìjàpá kọ̀ọ̀kan dá dúró. Apààlọ́ kì í gba owó ti àná lọ́wọ́ ẹ kí o tó gbọ́ ti òní, bẹ́ẹ̀ ni kì í já a sí àárín kí o lè padà wá. Á sọ ìdí àlọ́ rẹ̀ kó tó dìde. Fágúnwà pàápàá, lẹ́yìn Ògbójú Ọdẹ ní 1938, nígbà tó padà sí ìdílé Àkàrà-ògùn nínú Igbó Olódùmarè ní 1949, ọ̀dọ̀ bàbá, Olówó-ayé, ló lọ. Ilẹ̀kùn tí kò tíì ṣí ló ṣí. Àwọn tó ni Terminator kò ṣílẹ̀kùn kankan. Ilẹ̀kùn tí apá kejì tì ni wọ́n ń já léraléra, apá kẹfà sì tún ní kí a ká a sí pé apá kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún kò wáyé rí. Ẹ ò rí nǹkan? A ti sanwó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí òwe alágẹmọ wá yí padà lé wa lórí nìyí. Ẹni tó ń jiyàn nípa apá tó burú jù ti wo gbogbo wọn. Kò lè jiyàn bí kò bá wò wọ́n. Ó wo ìkẹta, ó bú u. Ó wo ìkẹrin kó lè mọ̀ bóyá ó burú tó ìkẹta. Ó ra dátà láti wa ìkarùn-ún jáde kí ẹnu rẹ̀ lè gbà á láwùjọ. Aláwàdà ni, ó rò pé adájọ́ lòun, onílù sì ni. Bó ṣe ń lù ú ni alágẹmọ ń rò pé ijó ṣì ń bẹ, tó sì tún lọ lóyún. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọwọ́ ìlù dẹ̀ ni 2019: fíìmù tó ná wọn tó mílíọ̀nù 185 dọ́là pa nǹkan bíi 261 péré káàkiri ayé, tí ìdá ńlá rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn onísinimá. Gbogbo apá tí wọ́n ti ń gbèrò lẹ́yìn rẹ̀ wọgbó. Kì í ṣe ẹ̀gàn ló dá wọn dúró, àìlọ ni. Nígbà tó di 2024, Netflix gbé e padà gẹ́gẹ́ bí eré àwòrán yíyà tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Japan, kí ẹ lè mọ̀ pé oyún kì í wọ́n alágẹmọ.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi dandan lé e pé kí n dájọ́, apá karùn-ún, Genisys, ló burú jù. John Connor tí gbogbo ìtàn náà ń sá kiri láti dáàbò bò ni wọ́n sọ di ẹ̀rọ apànìyàn fúnra rẹ̀, wọ́n sì ti fi hàn nínú ìpolówó kí fíìmù tó jáde. Apá kẹfà tó pa ọmọ náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe ìkejì. Ẹni tí kò bá tíì wò wọ́n, kó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, kó sì fi dátà rẹ̀ wo Saworoidẹ.