Ọmọ Tó Ni Fláàṣì Pupa, Mo Bẹ̀ Ọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ gíga kan n'Íbàdàn. Kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́. Iṣẹ́ náà ò le. Fláàṣì àwọn èèyàn ló le.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan sáré wọlé, fláàṣì pupa lọ́wọ́ rẹ̀, okùn rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ já tán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ojú ewé méjì péré ni. Ọ̀gá wa ti wọ kíláàsì." Mo gbà á, mo tì í bọ ihò. Fódà kan yọjú, PROJECT ni wọ́n kọ sí i, ọfà kékeré kan tó tẹ̀ kọrọdọ sì wà nígun rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ wa mọ ọfà yẹn. Fáírọ́ọ̀sì ti kó fódà gidi pamọ́, ayédèrú ló gbé síta. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, o ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn. Mo mọ̀ o! Ṣùgbọ́n ọmọ ń jó lórí ẹsẹ̀ kan níwájú mi, èèyàn mẹ́rin tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìka mi ló tẹ̀ ẹ́, èmi kọ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo fláàṣì tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi ló ń gbé ọfà jáde. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ olókùn-jíjá padà wá, ó fọwọ́ lẹ́rán: "Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà yín ló kó àrùn ran fláàṣì mi!" Ẹni tó gbé ìgbóná wọlé ló wá ń bi onílé pé kí ló dé tí ara òun fi sú.

Ọpẹ́lọpẹ́ ọfọ̀ kan tí mo kọ́ sórí. Mo máa ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, mo máa bọ́ sórí fláàṣì, mo máa kọ attrib -h -r -s /s /d. Àlàfo kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Mo bá tẹ Enter, ohun tó sá pamọ́ a yọjú, oníbàárà a pàtẹ́wọ́. Tí mo bá wá ní 500 náírà, ẹnu a wọ́. "Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan péré lẹ kọ!" Kí òun náà kọ ọ́ kí n rí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ẹ̀bi mi ni. "Ẹ bọ́ sórí Linux, bọ̀dá. Ohun kan ò ní wọnú ètò rẹ̀ láìgba password lọ́wọ́ yín." Mo gbọ́ràn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. CorelDraw tí mo fi ń ṣe ìwé ìpè ìnáwó kọ̀, kò ṣí. Iṣẹ́ tí wọ́n fi Word ṣe ní ojú ewé ogójì di mẹ́tàlélógójì, àwọn àtẹ inú rẹ̀ ń gun ara wọn. Ara Linux le lóòótọ́, ebi ló fẹ́ fi pa mí. Ọmọ náà ò sì rántí pé orí Linux ni Android ọwọ́ rẹ̀ jókòó lé, òun fúnra rẹ̀ ló sì tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" fún áàpù ayédèrú tó ń jẹ dátà rẹ̀.

Bàbá oníbàárà mi kan ní Mac kì í ṣàìsàn. Mo sọ fún un pé ní 2012, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Flashback wọ Mac tó lé ní 600,000. Ó ní òun ò tíì ra tòun nígbà yẹn.

Wọ́n tún ní kí n máa ṣe update. Òótọ́ ni. Nígbà tí àrùn tí wọ́n ń pè ní WannaCry ń ti fáìlì àwọn èèyàn mọ́lé ní oṣù karùn-ún 2017, tó ń béèrè 300 dọ́là kó tó ṣí i, tó da iṣẹ́ ilé ìwòsàn rú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Microsoft ti dí ihò tó gbà wọlé láti oṣù kẹta fún àwọn Windows tí wọ́n ṣì ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Windows mi kì í ṣe rírà. Ẹnì kan ló bá mi fi sí i ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, ó sì kìlọ̀: "Ẹ má ṣe update o, ó máa já." Kó tó ráyè fi kọ́kọ́rọ́ ayédèrú rẹ̀ sí i, ó ní kí n kọ́kọ́ pa áńtífáírọ́ọ̀sì. Kí ajá ilé lọ sùn ná, kí àlejò ráyè wọlé. Mo sì pa á.

Ìdí nìyẹn tí ìtàn fáírọ́ọ̀sì Brain ò fi pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Lahore, ní Pakistan, ló ṣe é ní 1986, òun ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó ja irú kọ̀ǹpútà tiwa. Àwọn èèyàn ń ṣe àdàkọ ètò ìṣègùn tí wọ́n ń tà, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń jí i. Wọ́n kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ḿbà fóònù wọn sínú fáírọ́ọ̀sì náà. Irú èmi ni wọ́n ń wá.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lẹ̀wé mọ́ ògiri: A Ò GBA FLÁÀṢÌ MỌ́, Ẹ FI RÁNṢẸ́ SÓRÍ WHATSAPP. Wákàtí méjì ni mo fi ń wo àwọn oníbàárà tí wọ́n ń kà á, tí wọ́n ń kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Mo já a. Ẹ máa mú fláàṣì yín bọ̀. Ọmọ olókùn-jíjá nìkan ni mo ń bẹ̀, jọ̀ọ́, ra òmíràn. Owó ọfọ̀, 500 náírà tó kù lọ́wọ́ rẹ, mo fi jì ọ́.