Ẹ́ńjìnnì Tó Dákẹ́

“Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.” Fáàfù ọkọ̀ wà lára àwọn tí òwe yìí ń bá wí. Irin tó bá gbóná a máa gùn sí i, ìdí nìyẹn tí àlàfo tín-ín-rín fi gbọ́dọ̀ wà láàárín tápẹ́ẹ̀tì, irin tó ń ti fáàfù ṣí, àti fáàfù fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Lára Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, mìlímítà 0.10 ni ti fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.25 ni ti èyí tó ń tú èéfín jáde, torí òun ló ń gbóná jù. Àlàfo yìí a máa dún díẹ̀.

Ariwo díẹ̀ yẹn ni oníbàárà tòkúnbọ̀ kò fẹ́ gbọ́, láti Ìdírókò dé Ìlaròó àti Ayétòrò. Lójú tirẹ̀, ọkọ̀ tí kò bá pariwo ni ara rẹ̀ le. Ẹni tó ń tà á náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá ní kí wọ́n fún tápẹ́ẹ̀tì títí kẹ́kẹ́ yóò fi pa mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán, fáàfù kò ní í lè padé mọ́. Ìgbà tó bá padé ló sì máa ń rí ibi tú ooru rẹ̀ sí. Èyí tí kò padé, iná a jẹ etí rẹ̀, agbára ọkọ̀ a lọ.

Tápẹ́ẹ̀tì tó ń lo ọ́ìlì yàtọ̀: òun fúnra rẹ̀ ló ń dí àlàfo, díẹ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ tẹ inú rẹ̀ wọlé. Lára Chevrolet V8 àtijọ́, mẹkáníìkì á kọ́kọ́ rí i pé fáàfù náà padé, á di ọ̀pá tó ń tì í mú, á máa fún nọ́ọ̀tì títí ọ̀pá kò fi ní í mì sókè sódò mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ààbọ̀ ìyípo sí ìyípo kan péré ló kù. Èyí tí ọ́ìlì ti gbẹ nínú rẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́. Aláìfarabalẹ̀ á ti fún un kọjá kó tó fura. Òun náà á dákẹ́, fáàfù á wà ní ṣíṣí.

Àwọn oníbàárà kan tilẹ̀ ń sanwó kí wọ́n bá wọn fún tápẹ́ẹ̀tì Corolla 2003 sí 2008, bẹ́ẹ̀ kò sí nọ́ọ̀tì kankan níbẹ̀. Tápẹ́ẹ̀tì tó nípọn tó bó ṣe yẹ ni wọ́n ń rà pààrọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá wọn àlàfo. Corolla 2009 oní-1.8 ní tirẹ̀ ń fi ọ́ìlì tún ara rẹ̀ ṣe. Bó bá ń pariwo, ìwọ̀n ọ́ìlì ni ẹni tó mọṣẹ́ ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.